Ibi Tí A Ó Gbé Ìwọ̀n Sí

Ọjọ́ Ajé ni ọkùnrin kan gbé ẹsẹ̀ àga wá sí ẹnu géètì. Inú àpò ìrẹsì ló dì í sí. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì béèrè ọ̀gá. Ó kàn ní òun fẹ́ rí ẹni tó ń yẹ àga wò kí wọ́n tó kó o jáde, ni olùṣọ́ bá lọ pe Fàtíà.

Fàtíà Babárìndé ló ń bójú tó àyẹ̀wò ọjà ní iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe àga rọ́bà lójú ọ̀nà tó ti Ìgàndò lọ sí Ìkọ̀tún. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé títí di òní. Ó ti lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún. Ẹ̀kọ́ tó kà ní pólì ni èyí tí wọ́n ń pè ní sítátísítíìsì, ìyẹn bí èèyàn ṣe lè wọn díẹ̀ nínú nǹkan kó sì mọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí. Ó ti lo ọdún mẹ́fà níbi iṣẹ́ náà, kò sì tíì sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni bi í léèrè ohun tó kà. Ohun tí wọ́n gbà á fún ni kó máa wo àga bóyá ó sán, bóyá àwọ̀ rẹ̀ dọ́gba, kó fọwọ́ gbá a, kó ní ó dáa, kí wọ́n gbé e lọ.

"Mùíz lorúkọ mi," ni ọkùnrin náà wí, ó tú àpò. "Akòwọ́njọ ni mo ti wá. Ìyá mi ló jókòó lé e."

Ẹsẹ̀ àga funfun ni. Ó ṣẹ́ níbi tó ti so mọ́ ìjókòó. Fàtíà fi ìka ra ojú ibi tó ti ṣẹ́. Kò tẹ̀, kò fà, ó kàn ṣẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ń ṣẹ́ bisikíìtì. Rọ́bà tó dáa kì í ṣe báyẹn. Rọ́bà tó dáa á kọ́kọ́ wọ́, á funfun lójú, á ti sọ fún ẹni tó jókòó lórí rẹ̀ pé kó dìde.

"Orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò lè foríkanlẹ̀ mọ́, orí àga ni wọ́n ti ń kírun. Ìrun Alaásárì ni, lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí kàn án báyìí ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yọ. Egungun ìbàdí wọn ti dá. Ọsibítù ni mo ti ń bọ̀."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ọlọ́run á wò wọ́n sàn."

"Àmín. Kì í ṣe ìjà ni mo bá wá o. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé irú àga yìí tó ogójì ní mọ́sáláṣí wa. Àwọn àgbàlagbà ló ń jókòó lórí wọn. Èwo ni ká kó kúrò nínú ẹ̀?"

Fàtíà rò ó wò. Bó bá ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ kúrò, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọjà àwọn ò dáa. Bó bá ní èyí tó ṣẹ́ yẹn nìkan ló ní àbùkù, irọ́ ló pa, torí kò mọ̀.

"Ẹ fún mi ní nọ́ńbà yín," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lórí ìkankan nínú wọn títí màá fi pè yín."

"Ìgbà wo lẹ máa pè?"

"Mi ò mọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà yẹn ni ara rẹ̀ ò ti balẹ̀ mọ́.

Àlhájì Abdulsobur ló ni iléeṣẹ́ náà. Ọmọ onílẹ̀ ni. Lórí ilẹ̀ tí bàbá bàbá rẹ̀ ti ń gbin ẹ̀gẹ́ ló kọ́ ọ sí. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Nígbà tí Fàtíà gbé ẹsẹ̀ àga náà ka orí tábìlì rẹ̀, tó sì ròyìn ìyá Mùíz fún un, ó gbé fìlà rẹ̀ kúrò lórí, ó wo ẹsẹ̀ àga náà títí.

"Ó dáa," ló wí. "Láti òní lọ, àga kankan ò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé èèyàn ti jókòó lé e lórí wò. Gbogbo ẹ̀ pátá."

"Àlhájì, ẹgbẹ̀ta àga là ń ṣe lójúmọ́."

"Kí wọ́n gba èèyàn sí i nígbà náà."

"Bí a tiẹ̀ gba ogún èèyàn sà, èyí tó bá wó mọ́ wọn lábẹ́ nìkan la máa mọ̀. Èyí tó máa wó lẹ́yìn oṣù méjì, tí oòrùn bá ti pa á díẹ̀, ṣe la máa kó ìyẹn jáde. Èyí tó ṣẹ́ yìí, èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní ó dáa."

Fàtíà fà mọ́ tábìlì. Ọ̀rọ̀ tó ti dì sínú láti ọdún mẹ́fà wá ló ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀ báyìí, kò sì mọ̀ bóyá ó ń yára jù.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé ìwọ̀n sí ojú ọ̀nà tí rọ́bà ń gbà di àga. Kí n máa wọn díẹ̀ ní wákàtí wákàtí, kí n máa fi àmì sí i lórí ìwé. Kò sí ohun téèyàn ń ṣe tí kì í yí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyípadà wà tó jẹ́ ti ojoojúmọ́, ó sì wà tó jẹ́ pé nǹkan ló ṣẹlẹ̀. Màá fa ìlà kan sókè, màá fa ìkan sísàlẹ̀. Bí àmì bá ṣì ń rìn láàárín méjèèjì, ká fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó máa lọ. Tó bá fi lè kọjá ìlà, ká dá ẹ̀rọ dúró, ká wá ohun tó fà á."

"Ojú ọ̀nà gùn," ni Àlhájì wí. "Ibo lo máa gbé e sí?"

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìwọ̀n tó péye kan ṣoṣo ni iléeṣẹ́ ní. Ẹnì kan ṣoṣo náà ni wọ́n lè yọ̀ǹda fún un: Iyìolúwa, obìnrin tó máa ń fi ọ̀bẹ gé eteetí àga tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí ọwọ́ rẹ̀ yá, tó sì lè ṣírò.

"Ibì kan," ni Àlhájì wí, ó na ìka sókè. "Ọ̀sẹ̀ méjì. Bí mi ò bá rí nǹkan gidi, gbogbo yín lẹ máa lọ jókòó lórí àga lẹ́nu géètì."

Fàtíà rin iléeṣẹ́ já lọ́jọ́ náà bí ìgbà mẹ́wàá. Ibi ìpòpọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń da rọ́bà tuntun, tó rí wóróworó bí ìrẹsì, pọ̀ mọ́ rọ́bà àlòkù tí wọ́n ti lọ̀. Ó lọ síbi ẹ̀rọ ńlá tó ń yọ́ ọ títí á fi ki bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ó dúró síbi tí wọ́n ti ń fún un sínú irin tó ní àwòrán àga nínú, ó dúró síbi omi tó ń mú un tutù, ó dúró sọ́dọ̀ Iyìolúwa níbi tí wọ́n ti ń gé e, ó sì parí ẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń tò ó léra. Ibi tó bá dúró sí, ó máa ń rí ohun tó lè yí níbẹ̀. Tó bá ti ṣí ẹsẹ̀, ọkàn rẹ̀ á tún padà sí ibi tó fi sílẹ̀.

Nílé, orí ìdúró ló ti jẹun. Àga mẹ́rin tó wà ní pálọ̀ wọn, iléeṣẹ́ ló ti gbé wọn wá.

"Jókòó jàre," ni ọkọ rẹ̀, Táyéwò, wí. "O ń da èèyàn láàmú."

"Ìwọ náà dìde níbẹ̀ yẹn."

"Kí ló ṣe é?"

"Ṣá dìde." Táyéwò wojú ìyàwó rẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ká sọ tòótọ́, Fàtíà ti mọ ibi tó yẹ kó gbé ìwọ̀n sí kó tó kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Àga tó bá ní àlòkù jù nínú máa ń gan, á sì ṣẹ́ wẹ́rẹ́. Ibi ìpòpọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń po rọ́bà pọ̀ ni Bàbá Ọdẹ́tọ́lá, Bàbá Ọdẹ́tọ́lá sì ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti tú ẹ̀rọ àkọ́kọ́ nínú páálí. Nígbà tí Fàtíà dé, tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń pè é ní oníwèé-kò-níṣẹ́, Bàbá yìí ló mú un rin gbogbo ibẹ̀, tó ní kó fọwọ́ kan rọ́bà gbígbóná kó lè mọ̀ ọ́n, tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ tó fẹ́ ṣàìsàn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì dúdú kan ló fi ń wọn ọjà: tuntun mẹ́ta, àlòkù kan. Kò ṣi ọwọ́ rí. Béèyàn bá gbé ìwọ̀n lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, gbogbo iléeṣẹ́ ló máa gbọ́ pé wọn ò fọkàn tán Bàbá mọ́.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Fàtíà ní kí wọ́n gbé ìwọ̀n náà lọ sí ìparí iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń to àga. Àga márùn-ún ni kí Iyìolúwa máa wọ̀n ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ó ṣàlàyé fún Àlhájì pé níbẹ̀, gbogbo àṣìṣe tó bá ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ló máa fojú hàn. Àlàyé náà dùn létí. Àlhájì mi orí pé ó dáa.

Fún ọjọ́ mẹ́rin, àmì tí Iyìolúwa ń fi sórí ìwé rìn láàárín ìlà méjèèjì bí ọmọ iléèwé tó to lórí ìlà. Kò sí ìkankan tó yọ orí. Àlhájì wá wò ó, ó ní, "Ẹ ò rí i? Àga wa dáa." Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Fàtíà ò lè rẹ́rìn-ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ó gbé àga mẹ́wàá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, nínú àwọn tí wọ́n ti wọ̀n tí wọ́n sì ti ní ó dáa. Ó ní kí ọkùnrin méjì gbé àpò yanrìn sókè, kí wọ́n jù ú lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì ṣẹ́. Ó yẹ ìwé wò: ìwọ̀n àwọn méjì tó ṣẹ́ kò yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù.

Iyìolúwa kó àwọn ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ jọ, ó tò wọ́n sílẹ̀. "Aǹtí Fàtíà, ẹ má bínú o. Irin tó ń gba rọ́bà sínú yẹn, ṣé kì í ṣe iye kan náà ló ń gbà ní gbogbo ìgbà ni? Bí wọ́n bá da iyanrìn sínú ẹ̀, tó bá ṣáà ti kún, àga á jáde ná."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé a wá lè fi ìwọ̀n mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ ni?"

"A ò lè mọ̀ ọ́n."

"Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó ní ká gbé e síbẹ̀ ni?"

Fàtíà wo ilẹ̀. Ó mọ̀. Ó ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí kò ti ní dun ẹnikẹ́ni ló gbé ìwọ̀n sí, ó sì ti fi ọjọ́ mẹ́rin ṣòfò níbẹ̀, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún àga sì ń gba ẹnu géètì jáde lójoojúmọ́. Ìtìjú mú un, ṣùgbọ́n kò ráyè dúró ti ìtìjú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kejì, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìwọ̀n náà lọ síbi ìpòpọ̀.

Bàbá Ọdẹ́tọ́lá ń fa bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ó rí i, ó dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́ sà."

"Kí nìyẹn?"

"Ìwọ̀n ni sà. Ẹ máa po ọjà yín bí ẹ ṣe ń pò ó. Iyìolúwa á kàn máa wọn bọ́kẹ́ẹ̀tì àlòkù kí ẹ tó dà á."

Bàbá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Fàtíà, ṣé èmi ni?"

"Mi ò sọ pé ẹ̀yin ni sà. Mi ò tíì mọ ohun tó jẹ́ ni."

"Tóò. Ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹni tí kò tíì mọ̀ ló ń gbé ìwọ̀n wá fún ẹni tó mọ̀." Ó kọ ẹ̀yìn sí i. Láti ìgbà yẹn, bí Fàtíà bá kí i, a máa ṣe bí ẹni pé ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kóun gbọ́. Gbàà ni ó máa ń ju bọ́kẹ́ẹ̀tì lé orí ìwọ̀n, tí Iyìolúwa á fò sẹ́yìn.

Láàárọ̀ yẹn, kílò mẹ́jọ ni bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Nígbà mìíràn á fi díẹ̀ lé, nígbà mìíràn á fi díẹ̀ dín. Fàtíà fa ìlà rẹ̀ sókè àti sísàlẹ̀, àwọn àmì sì dúró jẹ́ẹ́ láàárín. Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun ọ̀sán tán, tí ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀, Iyìolúwa wọn bọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ó wò ó, ó tún un wọ̀n. Kílò mẹ́wàá. Èyí tó tẹ̀ lé e, mẹ́wàá ó lé díẹ̀. Àmì fò kọjá ìlà òkè, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi ṣíwọ́.

Bó ṣe rí náà nìyẹn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́rú náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fojú sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ní Bàbá ti ń tòògbé tó bá ti jẹun tán. Ẹlòmíràn ní ojú ni, ojú Bàbá ò ríran tó ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Àlhájì, ó ránṣẹ́ pe Fàtíà.

"O ṣeun," ló wí. "Ìwé rẹ ti sọ̀rọ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ni. A máa fi Bàbá sílẹ̀ kó lọ sinmi, a máa ṣe é dáadáa fún un."

Ó yẹ kí ara tu Fàtíà. Ó rí ohun tó ń wá, ọ̀gá sì gbà á gbọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, ṣe ló tún ṣí ìwé àmì náà wò.

"Àlhájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọjọ́ kan sí i. Ìwé ti sọ ìgbà tó ń yí. Kò tíì sọ ohun tó ń yí i."

"Kí ló tún kù?"

"Mi ò mọ̀ sà. Ọjọ́ kan."

Lọ́jọ́bọ̀, kò lọ jẹun ọ̀sán. Ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá láti àárọ̀, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀. Bàbá á bu àlòkù kún bọ́kẹ́ẹ̀tì, á mú igi pẹlẹbẹ kan, á fi gbá ojú rẹ̀ kó lè tẹ́jú dọ́gba pẹ̀lú ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bó ṣe ṣe é láàárọ̀ náà ló ṣe é lọ́sàn-án. Igi kan náà, ọwọ́ kan náà. Fàtíà ń retí kí ọwọ́ yẹn gbọ̀n, kò gbọ̀n. Kí wá ló wúwo? Ó tẹ̀ ba, ó ki ọwọ́ bọ inú àpò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú.

Ohun tó bá nínú ẹ̀ kúnná, ó ń yọ̀ láàárín ìka bí gàrí. Ó sáré lọ síbi àpò tí wọ́n lò láàárọ̀, tó ṣẹ́ kù díẹ̀ sínú. Ìyẹn rí gbágungbàgun, wọ́n tóbi tó hóró àgbàdo, àyè sì pọ̀ láàárín wọn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, ṣùgbọ́n èyí tó kúnná máa ń fún ara wọn wọnú ẹ̀, ó sì máa ń gbà jù.

"Bàbá, ibo lèyí ti wá?"

Bàbá fi igi rẹ̀ sílẹ̀. "Kì í ṣe tiwa. Tiwa tí a ń lọ̀ níbí kì í kọjá ọ̀sán tó fi ń tán. Èyí tí wọ́n ń rà níta nìyẹn. Láti oṣù keje ni wọ́n ti ń kó o wá." Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó gbé e sí imú Fàtíà. "Gbọ́ òórùn ẹ̀. Rọ́bà tí oòrùn ti sè lórí ààtàn ni. Wọ́n ti lọ̀ ọ́ lọ̀ ọ́ títí kò fi lágbára mọ́."

"Ẹ ti mọ̀ láti ìgbà yẹn?"

"Mo sọ ọ́ ní ọ́fíìsì. Wọ́n ní kí n máa dà á, pé rọ́bà ni rọ́bà."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi sà?"

Bàbá wò ó lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ajé. "Ṣé o bi mí ni? Ìwọ̀n lo gbé wá."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Fàtíà lára. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó kún fún ẹ̀rúnrún rọ́bà, ó ní, "Ẹ má bínú sà." Bàbá ní kó dìde, kó má fi aṣọ nu ilẹ̀ fún òun. Ó tún sọ pé, "Gbé ìwọ̀n yẹn súnmọ́ ibí díẹ̀ sí i. Ibi tó wà yẹn jìnnà jù, ẹ̀yìn ń dùn mí."

Ẹni tó kù tó gbọ́dọ̀ gbọ́ ni Àlhájì, òun gan-an ló sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa ra àlòkù níta, nígbà tí rọ́bà tuntun wọ́n gógó. Fàtíà kó ìwé àmì àti ẹ̀kúnwọ́ rọ́bà méjì lọ, ó dà wọ́n sórí tábìlì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí, kò fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Ojú Àlhájì le. "Ṣé èmi lo wá ń sọ báyìí?"

"Ohun tó ń yí lọ́sàn-án ni mo ń sọ sà. Ọwọ́ Bàbá ò yí."

"Gbogbo iléeṣẹ́ tó wà lágbègbè yìí ló ń ra àlòkù níta."

"Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó lẹ́yìnkùlé sà."

Wọ́n ṣe àga mẹ́wàá pẹ̀lú àlòkù tiwọn, wọ́n ṣe mẹ́wàá pẹ̀lú ti ìta. Orí ìdúró ni Àlhájì wà nígbà tí wọ́n ń ju àpò yanrìn. Mẹ́wàá àkọ́kọ́ wọ́, wọ́n tẹ̀, ìkankan ò ṣẹ́. Nínú mẹ́wàá kejì, mẹ́rin ṣẹ́ pọ́ọ́pọ́ọ́. Nígbà tí ìkẹrin ṣẹ́, Àlhájì gbé ọwọ́ sókè pé ó tó. Ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tó ń wo àwọn ẹsẹ̀ funfun tó fọ́n ká orí koríko.

"Kí wọ́n má da ti ìta mọ́," ló wí. "Kí Bàbá sì máa fi ìwọ̀n wọn ọjà, kì í ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì."

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Fàtíà pe Mùíz. Lábẹ́ ìjókòó àga kọ̀ọ̀kan, àmì roboto kékeré kan wà bí ojú aago, tí irin máa ń tẹ̀ sí i, ọfà inú rẹ̀ sì máa ń nà sí nọ́ńbà oṣù tí wọ́n ṣe é. Ó ní kí wọ́n yọ gbogbo èyí tí ọfà rẹ̀ bá nà sí méje títí dé mẹ́wàá, ìyẹn oṣù tí wọ́n wà yẹn. Kò fọkàn tán fóònù. Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Akòwọ́njọ fúnra rẹ̀, òun àti Mùíz sì dorí gbogbo àga náà kodò lójú àgbàlá mọ́sáláṣí. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n yọ. Iléeṣẹ́ fi mẹ́tàdínlógún mìíràn rọ́pò.

Àlhájì gbà láti pààrọ̀ èyí tí ẹnikẹ́ni bá gbé wá. Ohun tí kò gbà ni pé kí wọ́n kéde rẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá fi lè kéde, ọ̀la ni iléeṣẹ́ máa tì pa, ọgọ́rin èèyàn lá sì padà sílé. Fàtíà bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò gbà. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dorí àga kodò kiri: níbi tí wọ́n ti ń dirun fún un ní ibùdókọ̀ Pleasure, níbi ìpàdé òbí ní iléèwé ọmọ rẹ̀, níwájú ṣọ́ọ̀bù aláta ní ibùdókọ̀ Command. Àwọn èèyàn ń wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí. Èyí tó bá rí tí ọfà rẹ̀ nà síbi tí kò yẹ, á bẹ oní-nǹkan, á gbé e. Ó rí mọ́kànlá lọ́sẹ̀ kan. Ó mọ iye ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó jáde.

Nígbà tí oṣù kọkànlá dé ìdajì, Mùíz fi tó o létí pé wọ́n ti dá ìyá òun sílẹ̀ ní ọsibítù. Fàtíà ra ọsàn, ó lọ kí i.

Orí bẹ́ẹ̀dì lẹ́bàá fèrèsé ni Màámà Hàbíbátù wà, igi onírin tí wọ́n fi ń rìn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kéré lójú ju bí Fàtíà ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ké. Ó gbàdúrà fún Fàtíà, ó bi í léèrè ọkọ àti ọmọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mùíz sọ fún mi pé ìwọ lo wá ìdí ẹ̀. Ó ní ìwọ̀n lo gbé kiri."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ibi tí kò yẹ ni mo kọ́kọ́ gbé e sí."

"O ti wá gbé e síbi tó yẹ báyìí. Alihamudulilai." Ó yí ìdí díẹ̀, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó tún tú. "Èèyàn mélòó ló ṣubú bíi tèmi?"

"Méjì ni a gbọ́ mà. Ìkan ní Ìpájà, ìkan ní Ìkọ̀tún. Wọn ò fara pa tó yín."

"Àwọn tí ẹ ò gbọ́ ńkọ́?"

Fàtíà yí ọsàn kan lọ́wọ́.

"Àwọn tí ò tíì ṣubú ńkọ́?" ni Màámà wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ń béèrè ni, bí ẹni ń béèrè bóyá òjò máa rọ̀. "Èmi ní Mùíz tó gbé ẹsẹ̀ àga wá bá yín. Ẹni tí ò bá ní Mùíz, ta ló máa sọ fún un kó tó jókòó?"

Wọ́n gbé oúnjẹ wá fún àlejò. Fàtíà tọ́ ọ wò díẹ̀ torí ọ̀wọ̀, ó dúpẹ́, ó jáde. Kò tíì rìn dé òpin àdúgbò tó fi yọ fóònù, tó pe Àlhájì. Ó ròyìn ohun tí Màámà bi í. Ó ní bí Àlhájì ò bá kéde rẹ̀, òun á bẹ̀rẹ̀ láti mọ́sáláṣí yìí, òun á lọ láti mọ́sáláṣí dé ṣọ́ọ̀ṣì títí òun fi máa dé Ìgàndò, òun á máa sọ ọ́ lẹ́nu ara òun, kódà bí wọ́n bá lé òun lẹ́nu iṣẹ́.

Ọlọ́kadà méjì dúró níwájú Fàtíà pé ṣé ó ń lọ, ó mi orí pé rárá.

"Kọ ohun tí wọ́n máa kà lórí rédíò," ni Àlhájì wí nígbẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀. "Kọ oṣù tí wọ́n ṣe wọ́n síbẹ̀, kọ bí èèyàn ṣe máa dá wọn mọ̀. Má kọ ọ́ gùn."

"Orúkọ iléeṣẹ́ wa ńkọ́ sà?"

"Ṣé wọ́n máa mọ ibi tí wọ́n máa gbé e wá láìkọ ọ́ ni? Kọ ọ́ síbẹ̀."

Fàtíà ò dúró dé ilé. Ó fara ti ògiri ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti tì, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un kọ.